Gbèsè Iyọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kò ga. Orí àpótí ni wọ́n ń gbé e lé
nílé kéwú Áfà Dísù, lẹ́yìn pápá agégẹdú l'Ókè-Àgbò,
kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè rí ẹnu tí ohùn náà ti ń jáde.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tàdáwà ní gbogbo ìka.
Awakọ̀ igi kan pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.
Ó ní, "Ọmọ ta nìyí?"
Ìyá wa dáhùn láti inú ìsọ̀:
"Ọmọ mi ni. Ṣé iyọ̀ lo fẹ́ rà?"

Bí ìyá wa ṣe rí nìyẹn.
Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ gbèsè.
Èédú ló fi ń fa ilà sára ògiri,
ilà gígùn fún gaàrí, kúkúrú fún iyọ̀,
róbótó fún epo òyìnbó.
Bí òjò bá ń fẹ́ wọlé, á fẹ̀yìn bo ògiri náà
bí ẹni ń gbèjà ọmọ jòjòló.

Lọ́dún tí ìjì ṣí páànù, ògiri rọ̀, ó wó.
Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ajigbèsè di ẹni rere.
Ìyá wa dùbúlẹ̀, kò jẹ, kò mu,
ó ṣáà ń ka orúkọ:
Ṣóyẹmbọ̀, gaàrí kóńgò mẹ́ta.
Ìyàwó Káfíńtà, epo ìgò kan, ó ní òun ń bọ̀.
Múnífátù jókòó tì í, wàláà lórí itan,
ó ń sọ wọ́n di Lárúbáwá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan
kí òjò kankan má tún rí wọn pa rẹ́.

Níbi wólímọ̀ kan ló ti kọ́kọ́ kọ ọ́.
Àwọn tó ṣáájú ti kọ gbogbo orin tó mọ̀ tán.
Ó dijú. Ó la ẹnu.
Dáínì ni gbèsè, dîni ni ẹ̀sìn,
etí Ìjẹ̀bú-Igbó kò yà wọ́n sọ́tọ̀.
Ó dárúkọ gaàrí, wọ́n ní àmín.
Ó dárúkọ iyọ̀, àgbà obìnrin kan bú sẹ́kún,
Ṣóyẹmbọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí.
Áfà Dísù nìkan ló gbọ́ ọ.
Ó wolẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ kẹta,
iyọ̀ ìgò méjì.
Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì a bá ìgò iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Ọ̀kan péré.

Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Káséètì,
àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú tó yá lọ́wọ́ ayàwòrán,
Ṣágámù, Ìlọrin, Kánò,
ọkọ méjì tí kò fẹ́ kó máa rìn lóru,
mọ́tò kan tó jẹ́ tiẹ̀, tó sì tà.
Ọgbọ̀n ọdún, orin náà ni wọ́n ń bèèrè.
Ọgbọ̀n ọdún, kò sọ fún ẹnì kan.

Ní Jíddà, ó ń kùn ún lábẹ́ èémí
níbi tó ti ń yan tẹ̀sùbáà.
Ọkùnrin tó ń tajà gbé orí sókè, ó ní,
"Ìyá, àwọn ará ibẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n ti sanwó?"
Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Nígbà tí ẹ̀rín tán, kò lè dìde.
Òun lẹni àkọ́kọ́, ó sọ fún mi, tó gbọ́ ohun tí mo wí.

Ọ̀fun rẹ̀ ti lọ báyìí. Bí ẹni ń ha ìkòkò ló ń sọ̀rọ̀.
Ìyá wa ti kú, sìmẹ́ńtì ni ògiri ìsọ̀,
èédú kì í mú un dáadáa.
Ní àná, agégẹdú kan kọjá, ohùn rẹ̀ ń dún nínú rẹ̀,
ohùn ìgbà èwe, tó mọ́ gara.
Ọmọdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ na ọwọ́ méjèèjì, ó ń ṣe àmín.
Múnífátù ń wọn gaàrí. Kò gbójú sókè.
Ó ní, "Ó ku ìgò kan."